Kí O Tó Ka Iye Ìgbà Tí Ìbọn Gba Ẹ̀mí Là: Ṣe àti Má Ṣe

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà: ẹ̀ẹ̀melòó láàárín ọdún kan ni aráàlú ń fi ìbọn gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀daràn? Àwọn kan ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní kò ju nǹkan bí 60,000 sí 100,000 lọ. Iye àkọ́kọ́ lè fi ìlọ́po ogójì ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ wọn ló wà nídìí méjèèjì. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Houston àti Atlanta náà ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, torí níbi tí wọ́n ń gbé, ìbọn kò jìnnà sí ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Bí o bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà, àwọn nǹkan díẹ̀ nìyí.

Ṣe: béèrè ẹni tó kà á, àti bó ṣe kà á

Gary Kleck, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìwà ọ̀daràn ní Florida State University, àti ẹnì kejì rẹ̀, Marc Gertz, ló gbé mílíọ̀nù 2.5 jáde lọ́dún 1995. Lọ́dún 1993 ni wọ́n ti pe àgbàlagbà 4,977 lórí fóònù káàkiri Amẹ́ríkà, láìgba orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Wọ́n bi wọ́n bóyá àwọn tàbí ará ilé wọn ti lo ìbọn láti gba ara wọn sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Wọ́n yọ àwọn ọlọ́pàá, ṣọ́jà àti mẹ́gáàdì tó lò ó lẹ́nu iṣẹ́ kúrò. Wọ́n yọ ẹni tó lò ó fún ẹranko kúrò. Ẹni tó gbọ́ ariwo lẹ́yìnkùlé, tó gbé ìbọn jáde, tí kò sì rí ẹnì kankan, wọ́n yọ òun náà.

Lẹ́yìn gbogbo yíyọ yìí, ìpín 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù tó ní òun lo ìbọn láàárín ọdún kan. Àgbàlagbà tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 190. Ìgbà tí wọ́n fi ìpín yẹn lu iye àwọn àgbàlagbà ni mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ jáde. Kò sí ìwé ọlọ́pàá nínú rẹ̀, kò sí ìwé ilé ìwòsàn. Èèyàn bí ọgọ́ta ó lé díẹ̀ tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni gbogbo ẹrù náà dá lé lórí.

Má ṣe: fojú di àṣìṣe kékeré

Ó yẹ kí o jókòó ti èyí, torí òun ni oókan àyà ọ̀rọ̀ náà. Mú ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ká ní ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló fi ìbọn gba ara rẹ̀ lóòótọ́ lọ́dún tó kọjá. Àwọn 999 tó kù kò ṣe nǹkan kan. Nínú àwọn 999 yìí, bí ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún bá ṣi ìbéèrè gbọ́, tàbí tó fẹ́ ṣe akọni létí ẹni tó pè é, tàbí tó kó ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn wọ inú ọdún yìí, èèyàn bíi mẹ́wàá ló máa dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Fi ẹnì kan tó sọ òótọ́ kún un, ó di mọ́kànlá. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ ti fi ìlọ́po mọ́kànlá ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Àṣìṣe ti ìhà kejì ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tó lè sẹ́ pé òun kò lò ó. Bó tilẹ̀ sẹ́, ẹyọ kan náà ni àdánù rẹ. Nǹkan tó bá ṣọ̀wọ́n, àṣìṣe tó ń fi kún un àti èyí tó ń yọ kúrò lára rẹ̀ kì í dọ́gba láéláé, ì báà jẹ́ pé olóòótọ́ ni gbogbo àwọn tó ń bi ìbéèrè.

David Hemenway ti Harvard ló gbé àlàyé yìí kalẹ̀ lọ́dún 1997, ó sì fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Lọ́dún 1994, ABC News àti Washington Post pe èèyàn tó lé ní 1,500 lórí fóònù. Ìpín mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ti fojú ara àwọn rí ọkọ̀ tó ti ayé mìíràn wá. Ìpín mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyẹn ní àwọn ti bá àwọn ará ayé ọ̀hún pàdé. Bí o bá ṣe ìlọ́po bí Kleck ṣe ṣe tirẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ti bá wọn fojú rinjú. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò ní fi í bú ẹnikẹ́ni. Olè wà lóòótọ́, ìbọn náà sì wà. Ìṣirò tó wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn ni kí o dì mú.

Ṣe: gbé iye náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ka nǹkan mìíràn

Ibí ni mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ti ń mì lẹ́sẹ̀ lójú tèmi. Nínú ohun tí àwọn tí Kleck pè sọ, ìpín bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ̀lẹ̀ náà jẹ́ ti olè tó fọ́lé. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 845,000 lọ́dún. Ó dáa. Ilé mélòó ni olè fọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà? Ìwádìí ìjọba ní kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Nínú mélòó ló ti dájú pé onílé wà nílé? Ìpín 22 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi mílíọ̀nù 1.3. Méjì nínú mẹ́ta àwọn wọ̀nyí ló ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí olè wọlé. Ilé tó ní ìbọn kò sì ju ìpín 42 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ. Ilé tí olè wọ̀, tí onílé wà níbẹ̀, tí kò sùn, tó sì ní ìbọn, kò tó 200,000. Ta wá ni ó lé olè 845,000?

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọgbẹ́. Ìpín mẹ́jọ ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àwọn lo ìbọn ní ọta àwọn ba ọ̀daràn náà. Lórí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, ìyẹn á lé ní 200,000 ọ̀daràn tí ọta bà lọ́dún. Bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn tí wọ́n ń gbé dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọta lára nígbà náà, ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, ẹni tó yin ara rẹ̀ àti ẹni tí ìbọn ṣèèṣì bà, kò ju nǹkan bí 100,000 lọ. Kleck kò sá fún èyí. Ó gbà pé iye ọgbẹ́ náà ga jù, ó ní àwọn èèyàn máa ń rántí pé ojú wọn dá níbi ìbọn yíyìn ju bó ṣe dá lọ. Ó dára kó gbà. Àmọ́ ẹni tó lè ṣi ìyẹn rántí, kí ló fẹ́ dá a dúró kó má ṣi ìyókù rántí?

Philip Cook àti Jens Ludwig gbé irú ìwádìí kan náà jáde lọ́dún 1997 fún iléeṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà. Nínú èèyàn 2,568 tí wọ́n pè, mọ́kàndínlógún péré ló kù lẹ́yìn tí wọ́n sẹ́ ìdáhùn bí Kleck ṣe sẹ́ ẹ. Ìlọ́po gbé e dé mílíọ̀nù 4.7 ìgbà lọ́dún kan. Ẹnì kan wà nínú àwọn tí wọ́n pè tó ní òun nìkan lo ìbọn lẹ́ẹ̀mejìléláàádọ́ta láàárín oṣù méjìlá. Èmi ò mọ àdúgbò tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé tí kò fi kó kúrò. Cook àti Ludwig wo ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ṣeé gbára lé.

Má ṣe: wá fi iye kékeré búra

Iye tó wà ní ìsàlẹ̀, bíi 64,000 lọ́dún, jáde látinú NCVS, ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti ọdún 1973 lórí àwọn tí ọ̀daràn ti ṣe ní jàǹbá. Ìlò ọdún 1987 sí 1990 ni àwọn olùwádìí McDowall àti Wiersema fi ṣírò rẹ̀. Ìwádìí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni: oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń padà sílé kan náà, fún ọdún mẹ́ta ààbọ̀, kí èèyàn má baà da ọdún pọ̀ mọ́ra wọn.

Àléébù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí o kò bá kọ́kọ́ sọ pé ọ̀daràn kan ṣe ọ́ ní nǹkan, wọn ò ní bi ọ́ ní ohun tí o ṣe sí i. Ẹni tó fa ìbọn yọ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí ọmọ ìta náà sì yí padà, lè má ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ṣe níkà. Á ní “rárá”, ìwé á sì pa dé. Lẹ́yìn ìyẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń béèrè, ó mọ ilé rẹ, ó mọ orúkọ rẹ. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìbọn yẹn, ṣé òun ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́? Wọn kì í sì dárúkọ ìbọn fún ọ. Wọ́n kàn ń béèrè ohun tí o ṣe ni, ìwọ fúnra rẹ lo máa mú ìbọn wọ ọ̀rọ̀.

Èrò tèmi ni pé òótọ́ sún mọ́ ìsàlẹ̀ ju òkè lọ. Àmọ́ 64,000 kì í ṣe òrùlé.

Ṣe: ka alátakò tó mọ iyì ẹ̀rí

Marvin Wolfgang, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìwà ọ̀daràn ní University of Pennsylvania, kórìíra ìbọn débi pé bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ gbogbo aráàlú. Lọ́dún 1995 ó kọ̀wé nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan náà tí Kleck àti Gertz ti kọ tiwọn, ó ní inú òun kò dùn sí ohun tí wọ́n rí, àmọ́ òun kò rí ibi tí òun lè mú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Mo rò pé Hemenway rí ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ìyẹn kò ní kí n má bọ̀wọ̀ fún Wolfgang.

Má ṣe: sọ pé “ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́”

Wàá gbọ́ ọ dáadáa: “CDC ti gbà pé ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta.” CDC ni iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọ iléèwé ní Sandy Hook ní oṣù Kejìlá 2012, Ààrẹ Obama ní kí CDC tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìbọn. CDC bẹ àwọn onímọ̀ ní Institute of Medicine àti National Research Council lọ́wẹ̀ kí wọ́n sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣèwádìí lé lórí. Ìwé wọn jáde lọ́dún 2013. Wọ́n kọ iye tí àwọn ẹlòmíràn ti kà tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀, láti 500,000 dé ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, wọ́n sì tún kọ 108,000 tó ti ọ̀dọ̀ NCVS wá. Wọ́n ní àwọn olùwádìí ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Àkójọ ohun tí ẹlòmíràn kà ni. Wọn ò fúnra wọn ka ẹnikẹ́ni.

CDC ti béèrè nígbà kan rí ṣá. Láàárín 1996 sí 1998, ìbéèrè nípa fífi ìbọn gba ara ẹni wọ inú ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù, wọn ò sì tẹ èsì rẹ̀ jáde. Kleck hú u jáde lọ́dún 2018, ó ní ó gbe tòun lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe àkíyèsí rẹ̀ pé ìpínlẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n ti béèrè, kì í ṣe gbogbo Amẹ́ríkà. Ó fa ìwé náà padà, ó sì tún un ṣe. Àwọn tó ń pín ti àkọ́kọ́ kiri kò bá a fa tiwọn padà.

Má ṣe: fi ìwé ìròyìn ṣe òṣùwọ̀n

Gun Violence Archive, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, ń kó ìròyìn àti ìwé ọlọ́pàá jọ. Ohun tí wọ́n ń rí kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan sí méjì lọ lọ́dún. Iye yẹn dára fún ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, àmọ́ olè tó rí ìbọn tó fi fò mọ́gi kì í dé ojú ìwé ìròyìn.

Ṣe: béèrè bóyá ìbọn náà tilẹ̀ ró

William English ti Georgetown ṣe ìwádìí kan lọ́dún 2021 tó kan àgbàlagbà bí 54,000, tí 16,708 nínú wọn jẹ́ oníbọn. Ó gbé e dé mílíọ̀nù 1.67 lọ́dún. Nínú ìpín 82 nínú ọgọ́rùn-ún, ọta kankan kò jáde. Ẹni tó bá fi ojú òkú ọ̀daràn nìkan wò ó, tó ní “FBI kò ka ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ tí aráàlú pa lọ́nà ẹ̀tọ́ lọ́dún”, ti sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà nù. Ìpín tí kò ró yìí gan-an ló sì ṣòro jù láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, torí kò sí ọgbẹ́, kò sí ìwé, ẹnu onítọ̀hún nìkan ló wà.

Ṣe: gbọ́ ẹnu ẹnì kejì

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Hemenway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Deborah Azrael àti Matthew Miller, ṣe ohun kan tó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́. Nínú ìwádìí méjì tí wọ́n ṣe lórí fóònù, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní òun fi ìbọn gba ara òun ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ ìròyìn náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, wọ́n sì kó o fún adájọ́ márùn-ún tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn. Wọ́n sọ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n gbà pé oníbọn ní ìwé àṣẹ, àti pé òótọ́ ló sọ látòkè délẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ojúure yẹn, èyí tó ju ìdajì lọ nínú ìròyìn náà ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ sọ pé ó ṣeé ṣe kó lòdì sófin. Ọ̀pọ̀ jẹ́ asọ̀ tó di ńlá: ọ̀rọ̀ já sí èébú, èébú já sí ìbọn. Ìwádìí náà tún fi hàn pé àwọn tó ní wọ́n fi ìbọn halẹ̀ mọ́ àwọn pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó ní àwọn fi gba ara àwọn lọ. Bí èèyàn méjì bá ń jà lójú ọ̀nà, tí ọ̀kan yọ ìbọn, òun á sọ lórí fóònù pé òun gbèjà ara òun. Ẹnì kejì á sọ pé wọ́n fẹ́ pa òun. Orí fóònù ta lo bá pè ni yóò sọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ tó jẹ́.

Má ṣe: la 43 mọ́ ẹni tó ń gbèjà ìbọn lórí

Ìhà kejì náà ní iye tirẹ̀ tí wọ́n ń jù kiri. Arthur Kellermann àti Donald Reay yẹ ikú ìbọn wò ní King County, níbi tí ìlú Seattle wà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1986. Wọ́n ní fún ikú kan ṣoṣo tí ìbọn inú ilé fi gba ẹnìkan lọ́wọ́ ìkà, ikú 43 mìíràn ló wà. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Àmọ́ 37 nínú 43 yẹn ló jẹ́ ti àwọn tó pa ara wọn. Wọ́n sì ka òkú nìkan, olè tó sá lọ láàyè kò sí nínú ìṣirò. Tó bá jẹ́ pé ìpara-ẹni ló ká ọ lára, sọ̀rọ̀ lórí ìpara-ẹni tààrà. Ó tó ọ̀rọ̀ sọ fúnra rẹ̀.

Ṣe: ya “ẹ̀ẹ̀melòó” sọ́tọ̀ kúrò lára “ṣé ó ràn án lọ́wọ́”

Nínú ẹjọ́ Bruen tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá lọ́dún 2022, Adájọ́ Samuel Alito mẹ́nu ba mílíọ̀nù 2.5 náà nínú èrò tó kọ, ó sì fi kún un pé ẹni tó lo ìbọn kì í sábà fara pa bí ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Lórí èkejì, Hemenway àti Sara Solnick padà sínú ìwé NCVS ti 2007 sí 2011. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó lé ní 14,000 ni wọ́n bá níbẹ̀ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe níbi wà lójúkojú. Wọ́n rí 127 péré tó lo ìbọn. Lẹ́yìn tó ti lò ó, ìpín 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló fara pa. Àwọn tó ṣe ohunkóhun rárá láti gba ara wọn, ìbọn àti àìníbọn, ìpín tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà. Kò sì sí ẹni tó lè fi 127 kọ́ ilé alárùjà.

Ṣe: béèrè ìdí tí kò fi tíì yanjú

Lọ́dún 1996, ilé aṣòfin fi gbólóhùn kan sínú òfin ìnáwó, èyí tí wọ́n fi orúkọ aṣòfin Jay Dickey pè: CDC kò gbọdọ̀ fi owó rẹ̀ polongo dídín ìbọn kù. Wọ́n tún fa mílíọ̀nù 2.6 dọ́là yọ, iye kan náà tí iléeṣẹ́ ọ̀hún ti ná sórí ìwádìí ìbọn. Ẹ̀rù ba àwọn olùwádìí. Dickey fúnra rẹ̀ yí ohùn padà lọ́dún 2012, ó ní kí ìwádìí tẹ̀síwájú. Ó di ìparí 2019 kí owó tó jáde padà, mílíọ̀nù 25 dọ́là fún CDC àti NIH, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ìlera.

Má ṣe: fi bàálù kó o wá sílé

Lẹ́yìn tí wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì St Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tó jọ ìbọn tún ga sí i, àwọn kan sì ń béèrè pé kí aráàlú náà ní tiwọn. Bóyá wọ́n jàre o, bóyá wọn ò jàre, mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ kò lè bá wọn dá a. Wọ́n ti fojú bù ú pé ìbọn ọwọ́ aráàlú ní Amẹ́ríkà jẹ́ 393 mílíọ̀nù lọ́dún 2017, ó ju iye èèyàn ibẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ọdẹ gbé ṣakabùlà láìní ìwé àṣẹ, ìbọn ìléwọ́ sì di ọwọ́ ààrẹ. Àwọn tó kọlu Ọ̀wọ̀ lo ìbọn ogun àti ohun abúgbàù nínú ilé ìjọsìn tó kún. Olè tó ń já fèrèsé ní Amẹ́ríkà àti irú rẹ̀ ni Kleck ń béèrè nípa wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ja ìjà yìí ní Àkúrẹ́, ìwé ọlọ́pàá, ìwé ilé ìwòsàn àti ẹnu àwọn ará Ọ̀wọ̀ ni kó kọ́kọ́ wá lọ.